Èsì: Mímú ọmọ ìyàwó tó ti dàgbà wá sí Amẹ́ríkà
Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè mú ọmọ ìyàwó yín wá sí Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè kọ̀wé béèrè fún ọmọ ọdún 23 tí ìyàwó yín ti bí kí ẹ tó fẹ́ ẹ, níwọ̀n bí ọmọ náà ti jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà ìgbéyàwó yín. Ohun tí òfin Amẹ́ríkà ń wò ni pé kí ìgbéyàwó ti wáyé kí ọmọ tó pé ọdún 18.

Fọ́ọ̀mù I-130, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè fún ẹbí, lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó yín àti ìwé-ẹ̀rí ọjọ́-ìbí rẹ̀ tí orúkọ ìyá rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ ìyá náà sórí ìwé méjèèjì, kí ó lè bá ara mu.

Nítorí pé ọmọ náà ti kọjá ọdún 21, yóò wà lórí ìlà fún físà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ó bá jẹ́ green card (ìwé àṣẹ láti máa gbé Amẹ́ríkà títí lọ) nìkan lẹ ní, tí ẹ kò tíì di ọmọ Amẹ́ríkà, ọmọ náà kò gbọdọ̀ gbéyàwó kí ó tó fi físà náà wọ Amẹ́ríkà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìbéèrè náà yóò di òfo.