Bonaire: ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ ná, ṣé imú yín ò dí?

Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní ìwọ àti ìyàwó rẹ ń lọ mòòkùn ní Bonaire, erékùṣù kan nínú òkun Caribbean, fún ọjọ́ méje nínú oṣù keje, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba káàdì amòòkùn yín ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, o sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí ẹ ra ẹ̀rọ ìmòòkùn tiyín kí ẹ tó lọ ni àbí kí ẹ yá a níbẹ̀. Màá dáhùn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tójú mi rí, torí àwọn tó dá ọ lóhùn ṣáájú mi, àwòrán ẹja ni gbogbo wọn ń fi ránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó bi ọ́ pé báwo ni imú rẹ ṣe rí.

Èmi náà lọ, ní ìparí ọdún 2022. Mo pé àádọ́ta ọdún, mo ní mi ò ní ṣe pátì, owó tí ǹ bá fi ra aṣọ ẹbí àti ìrẹsì, òkun ni màá ná an sí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí láti Abẹ́òkúta, ó ní ta ló ń lé mi. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà, àádọ́ta ọdún yìí, ó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo lò nídìí ọkọ̀ nínú rẹ̀, mo kàn fẹ́ wà níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní tẹ aago sí mi létí.

Láti Amsterdam lọ síbẹ̀ tó wákàtí mẹ́wàá, ẹ̀rọ amúlétutù orí ìjókòó mi sì kọ̀, kò ṣeé pa. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹnu ò gbà á. Ní Bonaire, ẹ ò nílò ọkọ̀ ojú omi kí ẹ tó rí nǹkan: òkúta tí wọ́n kùn ní yẹ́lò wà lẹ́bàá ọ̀nà, orúkọ ibi ìmòòkùn wà lára rẹ̀, ẹ ó páàkì, ẹ ó gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, ẹ ó rìn wọ omi. Gbogbo òkun tó yí erékùṣù náà ká, ọgbà tí òfin ń dáàbò bò ni láti ọdún 1979, ó sì hàn. Ìjàpá òkun kan jẹun níwájú mi fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò kà mí kún.

Ọjọ́ kẹrin, mo jí, ihò imú mi apá òsì ti dí pa. Mo fún un, kò lọ. Tó bá jẹ́ ilé ni, ǹ bá bu omi gbígbóná, ǹ bá fi Robb sí i, ǹ bá da aṣọ borí. Ṣùgbọ́n mo ti sanwó. Kì í ṣe ẹja ńlá kan ló ń pa amòòkùn lára, “mo ti sanwó” ni. Mo gbé oògùn kátà kan mì, irú èyí tí wọ́n ń tà láìsí ìwé dókítà, kò pẹ́ tí imú mi là bí Old Kent Road láàárọ̀ ọjọ́ Kérésìmesì. Inú mi dùn. Òmùgọ̀ ni mí.

Lọ́jọ́ yẹn, ọkọ̀ tó rì ni wọ́n ń lọ wò. Hilma Hooker ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bá igbó tí wọ́n fi pamọ́ sínú rẹ̀, ó sì rì lọ́jọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 1984. Ó gùn tó mítà 72, ó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí iyanrìn, nǹkan bíi mítà 30 nísàlẹ̀. Káàdì tèmi, bíi tiyín, mítà 18 ló gbà láyè. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mú wa wọ omi wo káàdì mi, ó wo ojú mi, ó ní tí mo bá ti wà lọ́dọ̀ òun, kò sí wàhálà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọbìnrin tó gba ìwé lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí mo dé, ìwé tí wọ́n fi ń béèrè ìlera èèyàn. Kò gbójú sókè, ó ní kí n kọ “rárá” síbi gbogbo, torí bí mo bá kọ “bẹ́ẹ̀ ni” síbì kan, dókítà ní láti fọwọ́ sí i kí n tó wọ omi. Mo kọ rárá títí dé ìsàlẹ̀. Mo rò pé ó ń ràn mí lọ́wọ́ ni.

Ìsọ̀kalẹ̀ ò ní wàhálà. Mo ń di imú mú, mo ń fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, etí ń là pó, pó, bó ṣe yẹ. Mo rí ọkọ̀ náà, mo rí ẹja tarpon tó gùn tó èmi fúnra mi, ó ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Kọ̀ǹpútà ọwọ́ mi, èyí tó ń ka bí èèyàn ṣe jìn tó nínú omi, ka mítà 27.

Nígbà tí à ń gòkè bọ̀, tó ku bíi mítà méjìlá, etí òsì bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi. Kì í ṣe irora tí mo mọ̀. Ti ìsọ̀kalẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ń ti etí wọnú ni. Èyí, bí ẹni tó fi àtàǹpàkò tì í láti inú bọ̀ síta. Mo tọ́ka sí etí, mo mi ọwọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, àmì tí wọ́n kọ́ wa pé nǹkan ò dáa. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn fi ìka méjì ṣe òrùka fún mi: ṣé kò sí wàhálà? Mo tún mi ọwọ́. Ó tún ṣe òrùka. Mo sọ̀kalẹ̀ mítà kan, ó dẹ̀. Mo gòkè díẹ̀, ó tún dé. Mo dá itọ́ mì, mo mi ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo rántí gbogbo àdúrà ìyá mi. Mo wo aago sìlíńdà, 60 bar ló kù. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé kò sí nínú agbára mi mọ́ láti yàn bóyá màá gòkè. Afẹ́fẹ́ ń tán. Gígòkè di dandan.

Ní mítà mẹ́fà, nǹkan ta “pó” nínú orí mi. Irora náà tán lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kíyẹn tàn yín jẹ o. Òtútù ló tẹ̀lé e. Omi wọ ibi tí omi ò gbọ́dọ̀ dé, gbogbo òkun wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mi ò mọ òkè, mi ò mọ ìsàlẹ̀. Mo gbá okùn tó so mọ́ ọkọ̀ wa mú, mo dì í bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Ibi tí èémí mi ń hó lọ ni mo fi mọ ibi tí òkè wà. Mo bì, inú regulator, ẹ̀rọ ẹnu tí à ń gbà mí, ni mo bì sí. Ó ń gba inú rẹ̀ jáde, ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu. Ó tó ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí ayé tó dúró. Nígbà tí mo yọ máàsìkì lórí omi, ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ tó ṣíbí ọbẹ̀ kan. Ọkùnrin yẹn ní, “Okay?” Mi ò dá a lóhùn.

Ohun tó fà á rèé, kò sì sẹ́ni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi títí mo fi padà sílé. Ní gbogbo mítà mẹ́wàá tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀, omi á tún fi ìwọ̀n ìtẹ̀ kan, tó dọ́gba pẹ̀lú ti afẹ́fẹ́ orí omi, kún èyí tó ń tẹ̀ yín tẹ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú etí á sún kì. Bí ẹ bá ń gòkè, á tún máa wú padà, láàárín mítà mẹ́wàá ìkẹyìn nìkan á di ìlọ́po méjì. Ó gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà gbà jáde, ọ̀nà náà ni ihò tóóró tó ti inú etí wá sí ọ̀fun. Oògùn tó ṣílẹ̀kùn fún mi nígbà tí mò ń wọlé kò dúró kí n jáde. Nítorí náà, ọjọ́ tí imú bá dí, ẹ jókòó sétíkun, ẹ má lo oògùn láti fi tan ara yín. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ máa di imú mú, kí ẹ fẹ́ ẹ ní gbogbo mítà kan, kí etí tó dùn yín. Bí kò bá là, ẹ gòkè díẹ̀, ẹ tún un ṣe. Ẹ má fi agbára fẹ́ ẹ. Ti ìdúró ìṣẹ́jú mẹ́ta ní mítà márùn-ún àtàwọn yòókù, ẹ ti kọ́ ọ, mi ò ní tún un sọ.

Dókítà tí wọ́n kọ́kọ́ mú mi lọ bá tan iná sí etí mi bí ẹni ń wo ihò eku, ó ní ìlù etí ti ya, kí n má wọ ọkọ̀ òfurufú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Ta ló máa bá mi wa bọ́ọ̀sì? Èkejì, tí mo fúnra mi wá rí lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, rẹ́rìn-ín: ó ní etí tó ti ya ò lè há afẹ́fẹ́ mọ́, èyí tó dí tí kò ya ló ń jìyà lókè. Ó ní kí omi má ṣáà wọ̀ ọ́, kí n máa lọ. Mi ò mọ nǹkan kan lára nínú ọkọ̀ lóòótọ́. (Ẹ má fi tèmi ṣe tiyín o, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo etí yín.) Ṣùgbọ́n ọkọ̀ mi àkọ́kọ́ ti lọ, alẹ́ márùn-ún sì rèé ní $190 lálẹ́ kan, ta ló máa dá a padà?

Ínṣọ́ránsì, àbí? Mo ní in. Mo rí ọ̀rọ̀ ìmòòkùn nínú rẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Ẹni tó gbé fóònù níwà dáadáa títí ó fi ní kí n fi àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà ọwọ́ mi ránṣẹ́. Mo fi í ránṣẹ́ bí ọmọlúàbí. Lẹ́tà wọn dé lẹ́yìn oṣù méjì: mítà 18 ni ìwé wọn mọ, èmi lọ sí 27, wọn ò ní san kọ́bọ̀. Mo kọ̀wé padà pé mítà mẹ́fà ni etí mi ti ya, kì í ṣe 27. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì tuntun, £1,740 ló bá omi lọ. Kí ẹ tó ra tiyín, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ iye mítà sí, lẹ́tà kékeré ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Àwọn DAN (Divers Alert Network) wà tó jẹ́ pé ti amòòkùn gan-an ni wọ́n ń ṣe, nọ́ńbà wọn sì ń gbé lóru. Etí náà jinná lẹ́yìn oṣù méjì, àmọ́ bí ẹyẹ kékeré bá ń ké, etí ọ̀tún nìkan ni mo fi ń gbọ́ ọ.

Kí n má gbàgbé. Ìmòòkùn yín ìkẹyìn gbọ́dọ̀ ju wákàtí 18 lọ kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Ọjọ́ ìkẹyìn, ẹ fi rìn nílẹ̀. Ọkọ̀ tí ẹ bá yá, ẹ má fi nǹkan kan sínú rẹ̀, ẹ má sì tì í, torí olè á fọ́ gíláàsì láti fi wò ó. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń dúró sójú títì lálẹ́. Ìbọ̀wọ́ jẹ́ èèwọ̀ nínú omi níbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ rà á. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá jẹ́ SS, kò gbọ́dọ̀ mòòkùn rárá. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ níbẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé oòrùn ń jó òun. Ọrùn mi bó, èmi tí mo dúdú báyìí. Wọ́n ń gba $75 lọ́wọ́ àlejò, ẹ san án lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó lọ, kí ẹ má baà tò lẹ́yìn èmi àti ọgọ́rùn-ún èèyàn. Ibi tí wọ́n ń pè ní 1000 Steps, àtẹ̀gùn 67 ni, ẹ ó gbà pé ẹgbẹ̀rún ni tí ẹ bá ń gbé sìlíńdà gòkè.

Lápá gúúsù, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń kó iyọ̀, ẹ ó rí àwọn ahéré funfun kéékèèké. Ibẹ̀ ni àwọn ẹrú tó ń wa iyọ̀ ń sùn kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀ lọ́dún 1863. Ẹ sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀. Mo rá wọnú ọ̀kan, mi ò lè nàró. Àwọn òyìnbó tó wà lẹ́yìn mi ń ya fọ́tò ara wọn lẹ́nu ọ̀nà. Mo jókòó sórí ilẹ̀ inú rẹ̀ títí wọ́n fi lọ.

Ẹ̀rọ, ẹ̀rọ. Ẹ yá sìlíńdà, jákẹ́ẹ̀tì afẹ́fẹ́ àti regulator níbẹ̀, wọ́n wúwo, ọkọ̀ òfurufú á gba owó ẹrù lọ́wọ́ yín lásán. Ohun tí ẹ ó rà ni kọ̀ǹpútà ọwọ́ àti máàsìkì, nítorí ojú kan ò jọ kan. Ẹ gbé e sójú, ẹ fa imú, kí ẹ má di okùn rẹ̀. Bí kò bá já bọ́, tiyín ni. Kí ìyàwó rẹ kó gbogbo irun iwájú orí rẹ̀ sẹ́yìn kó tó dán an wò, ẹyọ irun kan péré lábẹ́ rọ́bà yẹn, omi á máa wọlé. Mo di bíráìdì lọ, ọjọ́ kìíní nìkan ni mo tú máàsìkì nígbà mẹ́fà. Tèmi ṣì wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Peckham ni mo wà. Bí ojú rẹ̀ bá fẹ̀ bíi tèmi, kó wá gbà á. Mo ti fọ̀ ọ́ dáadáa.