Dókítà kọ "obesity" sínú káàdì mi, ṣé àìsàn ni lóòótọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Aṣọ ni mò ń tà ní Ọjà Ìgbọ̀nà níbí l'Óṣogbo, ẹni ọdún 44 ni mí. Orúnkún tó ń dùn mí ló gbé mi dé ọsibítù, wọ́n wọ̀n mí, 94 kg ni mí, gíga mi jẹ́ 1.60 m, bíípí mi sì jẹ́ 150/95. Dókítà tí mo bá níbẹ̀ wá kọ "obesity", ìyẹn sísanra jù, síbi tí wọ́n máa ń kọ àìsàn sí. Ọkọ mi ní wọ́n kàn fẹ́ gbowó lọ́wọ́ mi ni, pé màmá òun tóbi jù mí lọ, kò sẹ́ni tó pe tiwọn ní àìsàn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ọ̀kánjúwà oúnjẹ ló ń ṣe mí. Ọ̀rẹ́ mi kan tún ní kí n wá ra tíì tó ń fa ikùn wọlé. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, mà. Ní tiyín báyìí, àìsàn ni, mi ò ní fi bò fún yín. Àmọ́ kì í ṣe torí pé ẹ tóbi nìkan o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yẹn: wọ́n á fi gíga yín pín kílò yín, wọ́n á tún fi gíga yẹn kan náà pín ohun tó bá jáde, tiyín á jẹ́ bíi 36.7, òun ni wọ́n ń pè ní BMI, tó bá ti lé ní 25 wọ́n á ní ó ti ń pọ̀, tó bá ti di 30 wọ́n á kọ obesity. Ṣùgbọ́n BMI ò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí iṣan, ọmọkùnrin tó ń já sìmẹ́ńtì lọ́kọ̀ lójoojúmọ́ lè ní 30 kó má sì lọ́ràá lára. Ohun tó jẹ́ kí n sọ pé tiyín ti di àìsàn ni orúnkún tó ń dí yín lọ́wọ́ àti bíípí yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bíípí ẹ̀ẹ̀kan péré ò tó ṣèdájọ́, ẹ gbọ́dọ̀ tún un wọ̀n lọ́jọ́ míì, kẹ́ ẹ jókòó sinmi bí ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó di pé wọ́n so ó mọ́ yín lápá (ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tí wọ́n á na apá sí nọ́ọ̀sì tààrà, ẹ ò rí nǹkan).

Ẹ tún ní kí télọ̀ kan nínú ọjà fi téèpù wọn ikùn yín, lápá ibi tí ìdodo wà. Kò yẹ kó ju ìdajì gíga yín lọ, ìyẹn 80 cm, bí ínṣì 31 ààbọ̀. Ọ̀rá ikùn yìí ló ń kó ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru báni, torí ó máa ń yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká, ti ìdí àti itan kì í fi bẹ́ẹ̀ yọni lẹ́nu tó yẹn.

Iyàn tí ẹ̀yin àtọkọ yín ń jà yìí, àwọn dókítà náà jà á. Ó pẹ́ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi obesity sínú ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn àìsàn sí. L'Ámẹ́ríkà, ọdún 2013 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà wọn, American Medical Association, dìbò pé àìsàn ni, ìgbìmọ̀ tí wọ́n sì fúnra wọn ní kó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ti ní kí wọ́n má pè é bẹ́ẹ̀, torí BMI ò dáńtọ́ tó. Èyí tó tẹ́ èmi lọ́rùn jù ni èyí tó jáde ní January 2025, àwọn onímọ̀ tó lé ní àádọ́ta ló kọ ọ́ sínú ìwé àwọn dókítà kan, The Lancet Diabetes & Endocrinology, wọ́n pín in sí méjì: ẹni tí ọ̀rá ti ń ba nǹkan jẹ́ lára ẹ̀ tàbí tí kò jẹ́ kó lè ṣe iṣẹ́ òòjọ́ ẹ̀ dáadáa, aláìsàn nìyẹn, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn; ẹni tí gbogbo ara ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ewu ló wà níwájú ẹ̀, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Ìyá ọkọ yín lè wà ní apá kejì yìí. Ó sì lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó wọn bíípí wọn rí ni, torí ẹni tó bá sanra lọ́dọ̀ wa, wọ́n á ní ayé ń yẹ ẹ́, ta ló máa wá ní kó lọ yẹra wò?

Ti ẹ̀gbọ́n yín ló ká mi lára jù, torí ohun táwa òṣìṣẹ́ ìlera náà ń sọ fáwọn èèyàn nìyẹn, tí wọn ò fi ní padà wá mọ́. Lóòótọ́ oúnjẹ wà níbẹ̀, àmọ́ oúnjẹ nìkan kọ́. Ní 1990 wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ìbejì ní Sweden, àwọn tí wọ́n tọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti kékeré, ìwọ̀n ara wọn sì ṣì jọra gan-an, ilé tí wọ́n ti jẹun dàgbà ò fi bẹ́ẹ̀ yí i padà. Nígbà tó di 1994, wọ́n rí leptin, ohun kan tí ọ̀rá ara fúnra ẹ̀ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi sọ fún ọpọlọ bóun ṣe pọ̀ tó. Téèyàn bá wá gbààwẹ̀ tó fọn, leptin á wálẹ̀, ebi á máa pa á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ara á sì dín agbára tó ń lò kù, á máa lé kílò tó lọ bí olówó èlé ṣe ń lé gbèsè. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó fọn kí ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀ tó dé ló tún máa sanra padà kọ́dún tó yípo.

Mo wá fẹ́ bi yín ní nǹkan kan: kí lẹ ti ń lò sí orúnkún yẹn? Torí àpòpọ̀ oògùn tí wọ́n ń dì sí náílọ́ọ̀nù kékeré, mẹ́rin-márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ lò láàárọ̀ àti lálẹ́, púpọ̀ nínú ẹ̀ ló ní prednisolone tàbí dexamethasone nínú. Ó máa ń pa ìrora náà kíákíá, òun ló jẹ́ kọ́jà ẹ̀ máa tà, àmọ́ òun kan náà ló ń jẹ́ kójú wú, kí ikùn máa tóbi, kí oúnjẹ máa wuni jẹ, kí ṣúgà àti bíípí gòkè. Òògùn ìrora míì tó wà pẹ̀lú ẹ̀, bí ibuprofen àti diclofenac, àwọn náà ń gbé bíípí sókè. Ẹ ń fi ohun tó ń mú yín sanra tọ́jú orúnkún tí sísanra ń dà láàmú! Tó bá ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń lò ó, ẹ má já a lójijì o, ó léwu, dókítà ló máa dín in kù fún yín díẹ̀díẹ̀. Abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí olóṣù mẹ́ta náà ń mú àwọn obìnrin kan sanra, àwọn oògùn ọpọlọ kan náà wà níbẹ̀.

Ìtọ́jú ńkọ́? Ẹ má lé lẹ́pa o. Tẹ́ ẹ bá lè bọ́ bíi kílò márùn-ún nínú 94 yẹn, bíípí á ti máa rọlẹ̀, orúnkún á sì mọ̀ ọ́n lára, torí nínú ìwádìí kan lórí àwọn tí orúnkún ń dùn, kílò kan tó bá kúrò lára, bíi kílò mẹ́rin ló ń kúrò lórí orúnkún ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀. Ẹ má fi ebi pa ara yín, àmàlà ò ṣẹ̀ yín, bó ṣe pọ̀ tó lẹ máa wò, kí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà sì pọ̀ sí i. Epo làwọn èèyàn ń gbàgbé, síbí ìjẹun kan tó bíi kálórì 120, ẹ wá ro ti ìgbakọ tẹ́ ẹ dà sọ́bẹ̀. Mínírà tẹ́ ẹ fi ń ṣe oníbàárà lálejò, ṣúgà inú ìgò kan lè tó síbí tíì mẹ́wàá, ẹ fún wọn, kẹ́yin mu omi.

Abẹ́rẹ́ tuntun náà wà, semaglutide, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún obesity ní 2021, nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe lórí ẹ̀ àwọn tó gbà á fọn tó bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ 68, àmọ́ téèyàn bá dá a dúró ọ̀pọ̀ kílò yẹn ló ń padà, ó wọ́nwó, inú fíríìjì ló sì ń gbé kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ẹ̀yin náà mọ bíná ṣe ń ṣe wá. Ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á lórí WhatsApp. Tíì ọ̀rẹ́ yín ńkọ́? Ewé tó ń múni yàgbẹ́ ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀, omi ara lẹ ń yà dànù, kì í ṣe ọ̀rá. Wọ́n tiẹ̀ ti rí sibutramine tí wọ́n fi pamọ́ sínú àwọn kan, oògùn táwọn èèyàn fi ń fọn tẹ́lẹ̀ tí wọ́n kó kúrò lọ́jà l'Ámẹ́ríkà àti Yúróòpù ní 2010 torí àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀, ẹni tó ní bíípí 150 ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn rárá.

Ẹ padà lọ bá dókítà tó kọ káàdì yẹn, ẹ ní kí wọ́n yẹ ṣúgà, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti kíndìnrín yín wò. Ẹ bi ọkọ yín bóyá ẹ máa ń hanrun lóru tí èémí á wá dà bíi pé ó dúró, ìyẹn náà ṣe pàtàkì, ẹ sọ ọ́ fún wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa gbẹ̀jẹ̀, láti aago mẹ́wàá alẹ́ àná ẹ̀ omi nìkan ni kẹ́ ẹ mu. Ẹ kó gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò lọ́wọ́ dání, àpòpọ̀ orúnkún náà, ẹ má fi sílé torí ojú ń tì yín, àti tíì yẹn tẹ́ ẹ bá ti rà á.