Wáyà íápíìsì tó ń pariwo: èwo la ó tún ṣe, èwo la ó pààrọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Íápíìsì tí wọ́n ń kì bọ inú etí ni mò ń lò. Tí mo bá jókòó jẹ́jẹ́, orin a dùn, ṣùgbọ́n tí mo bá ti ń rìn, tí wáyà rẹ̀ ń ha aṣọ mi, "gbì-gbì, ṣàkà-ṣàkà" ni mo máa ń gbọ́. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, apá òsì tún ń dákẹ́, á tún sọ. Ẹnìkan ní kí n lọ ra wáyà fàdákà, pé gbogbo ariwo yẹn á lọ. Wáyà íápíìsì yìí ṣeé yọ. Mo tún ní hẹ́dífóònù kékeré kan tí wáyà tirẹ̀ kò ṣeé yọ. Òun náà ti ń ṣe ségesège níbi tó ń wọ fóònù. Ṣé ó ṣeé tún ṣe, àbí kí n jù ú nù?

ÌDÁHÙN: Ẹ má jù ú nù, ẹ má sì tíì ra fàdákà. Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ kó pọ̀ sínú ìbéèrè kan, oògùn wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Ariwo tó ń jáde nígbà tí wáyà ń ha aṣọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ iná. Ohùn tó ń dákẹ́ tó tún ń sọ, ọ̀rọ̀ iná ni. Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó náwó sí èkejì nígbà tó jẹ́ pé èkíní ló ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Àyẹ̀wò tí ẹ máa fi yà wọ́n sọ́tọ̀ kò gba ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi íápíìsì sétí bí ẹ ṣe máa ń fi í sí i, kí ẹ wá yọ ẹnu wáyà kúrò lára fóònù pátápátá. Ẹ fi ọwọ́ ra wáyà náà, ẹ fi èékánná ta á. Tí ẹ bá ṣì ń gbọ́ "gbì-gbì" yẹn, iná kò lọ́wọ́ sí i, torí kò sí ibi tí iná ti lè wá. Ara wáyà fúnra rẹ̀ ló ń gbé ìgbọ̀nrìrì lọ sínú etí yín.

Ẹ rántí tẹlifóònù tí àwọn ọmọdé máa ń fi agolo méjì àti okùn ṣe. Tí okùn náà bá le tantan, ọ̀rọ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá. Tó bá dẹ̀, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì kò ní gbọ́ nǹkan kan. Bí wáyà yín ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Aṣọ ha á nísàlẹ̀, ìgbọ̀nrìrì gun òkè, ó dé ara íápíìsì, ó wọ ihò etí. Rọ́bà tó dí etí pa ló wá mú un burú sí i. Ẹ fi ìka di etí méjèèjì kí ẹ wá rún nǹkan líle lẹ́nu, ẹ ó gbọ́ bí ìró rẹ̀ ṣe máa kún orí yín. Tí etí bá ṣí, irú ìró bẹ́ẹ̀ ń rí ọ̀nà jáde. Tó bá dí, inú ibẹ̀ ló máa há sí. Ìdí nìyẹn tí hẹ́dífóònù tó kàn gbé ara lé etí kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ìyọnu yìí, tí íápíìsì tó bá wọ inú etí jìn sì máa ń ní in jù.

Oògùn tó dára jù fún un kò ní ná yín lówó. Ẹ gbé wáyà náà gba ẹ̀yìn etí. Dípò kó já sílẹ̀ tààrà, ẹ jẹ́ kó gba òkè etí, kó yí ẹ̀yìn rẹ̀ po, kó tó sọ̀ kalẹ̀ sọ́rùn. Ẹran ara etí rọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìgbọ̀nrìrì yẹn máa kú sí kó tó dé inú. Báyìí ni àwọn olórin ń ṣe wọ tiwọn lórí ìtàgé, báyìí náà ni wọ́n ṣe ṣe irú íápíìsì Shure SE215 látìbẹ̀rẹ̀, pé ẹ̀yìn etí ni wáyà rẹ̀ máa gbà. Tí tiyín bá jẹ́ èyí tó ń já sílẹ̀, ó ṣì ṣeé gbé gba ẹ̀yìn etí. Àwọn kan kì í jókòó dáadáa àfi tí ẹ bá gbé ti òsì sí etí ọ̀tún, tí ẹ sì gbé ti ọ̀tún sí òsì. Ìyẹn á yí ohùn padà, ẹni tó dúró lápá òsì nínú fíìmù á máa fọhùn lápá ọ̀tún. Ṣùgbọ́n nígbà tí wáyà tiyín ṣeé yọ, ẹ kàn yọ ọ́, kí ẹ ki ti òsì bọ ọ̀tún, ti ọ̀tún bọ òsì, gbogbo rẹ̀ á padà sípò.

Lẹ́yìn ìyẹn, kílíìpù. Wáyà íápíìsì ní oríta kan níwájú àyà, níbi tí ọ̀kan ti pín sí méjì. Ìsàlẹ̀ oríta yìí ló máa ń ha aṣọ jù, òun náà ló ń fà nígbà tí fóònù bá ń mì nínú àpò. Ẹ fi kílíìpù há a mọ́ aṣọ ní ìsàlẹ̀ oríta díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí èyí tó wà lókè kílíìpù dẹ̀. Bí kò bá dẹ̀, ẹ ti tún fa okùn agolo yẹn le nìyẹn. Tí rọ́bà kékeré kan bá wà lókè oríta tó ṣeé sún, ẹ sún un lọ sábẹ́ àgbọ̀n, kí wáyà méjèèjì má baà máa lu ara wọn. Orí fóòmù dípò orí rọ́bà náà máa ń mú díẹ̀ kúrò níbẹ̀. Tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, ohun tó máa kù kò ní tó nǹkan mọ́.

Ní ti fàdákà: lóòótọ́, fàdákà ń gbé iná ju bàbà lọ, nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí wáyà tí kò gùn ju mítà kan àti díẹ̀ lọ, n kò gbà pé etí máa mọ ìyẹn. Ti ariwo aṣọ kò tilẹ̀ kàn án rárá. Ohun tó yẹ ká wò lára wáyà ni bó ṣe rọ̀ sí. Mo bá oníbàárà kan fi wáyà tó nípọn, tí wọ́n hun aṣọ bò lẹ́yìn, sí íápíìsì rẹ̀ nígbà kan, torí àwa méjèèjì rò pé yóò pẹ́. Kò já lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìṣísẹ̀ rẹ̀ ló ń dún bí ìlù létí rẹ̀. Ó dùn mí, mo sì bọ́ ọ kúrò, mo fi tínrín tó rọ̀ sí i. Láti ìgbà náà, mo máa ń kọ́kọ́ gbé wáyà kọ́ ìka: tó bá rọ̀ wálẹ̀ lápá méjèèjì, mo gbà á, tó bá nà gbọn-ín, tó ń ta padà, n kì í fi sí ohun tó máa wọ inú etí. Wáyà tí wọ́n hun aṣọ bò, hẹ́dífóònù ńlá ni mo máa ń fi í sí.

Ó ku apá òsì tó ń dákẹ́. Kí ẹ tó dá wáyà lẹ́bi, ẹ tan iná wo ihò tó wà lára fóònù. Òwú àpò máa ń ká jọ síbẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ẹnu wáyà wọlé tán. Ẹ pa fóònù, kí ẹ fi igi tín-ín-rín yọ ọ́, ẹ má fi abẹ́rẹ́ irin ṣe é. Ẹ tún gbìyànjú íápíìsì mìíràn nínú ihò náà. Tí ìyẹn bá ń sọ dáadáa, ẹ wá pààrọ̀ ẹnu wáyà méjèèjì lára íápíìsì yín, ti òsì sí ọ̀tún. Tí ìdákẹ́jẹ́ bá bá wáyà lọ sí ọ̀tún, wáyà ló bàjẹ́. Tó bá dúró sí òsì, inú íápíìsì fúnra rẹ̀ ni, tàbí ibi tí wáyà ti ń wọ ara rẹ̀. Ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú sípírítì nu ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tún un wò.

Wáyà kì í sábà já láàárín. Nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta sí ẹnu tó ń wọ fóònù ló máa ń já jù, níbi tó ti ń ṣẹ́ po nígbà gbogbo. Ẹ fi ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí i, kó lọ sílẹ̀, kí ẹ máa fi ìka tẹ wáyà díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ibi tí ohùn bá ti ta kìjí ló ti ya. Àmì kan wà tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú: orin ń lọ, ṣùgbọ́n ohùn akọrin pòórá, ìlù àti ìró ẹ̀gbẹ́ nìkan ló kù, bí ẹni pé ó ń ti inú kànga bọ̀. Fóònù kò bàjẹ́. Okùn tí òsì àti ọ̀tún jọ ń lò láti fi dá iná padà ló já, ìyàtọ̀ tó wà láàárín apá méjèèjì nìkan ló sì ń dé etí yín.

Tí ẹ bá fẹ́ ra wáyà tuntun fún íápíìsì, ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹnu tó ní. Méjì ló wọ́pọ̀. MMCX jẹ́ róbótó, ó ń dún "ta" tó bá wọlé, ó sì ń yí. Ẹ má máa fi yíyí náà ṣeré, torí ó ń jẹ inú rẹ̀; tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, èékánná ni kí ẹ fi tì í jáde tààrà. Èkejì ní ẹsẹ̀ méjì, tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.78 mm. Irú èyí tó jẹ́ 0.75 mm náà wà, ojú lásán kò sì lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Ẹ má fi agbára ki ẹsẹ̀ tó tóbi bọ ihò kékeré. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ṣeé ki ní ìdàkejì. Tí ẹ bá ki ẹ̀gbẹ́ kan bẹ́ẹ̀, ìró ìsàlẹ̀ á gbẹ, ohùn akọrin kò ní rí ojú kan dúró sí. Ẹ yọ ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ yí i padà.

Ní apá wáyà tó ń wọ fóònù, ẹnu 3.5 mm ló bá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mu. Ẹnu 4.4 mm wà fún ẹ̀rọ tó ya okùn ìpadàbọ̀ òsì sọ́tọ̀ sí ti ọ̀tún. Ohun kan ni mo fi ń kìlọ̀ níbí: ẹ má ra ohun tó ń so ihò 4.4 mm irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́ hẹ́dífóònù 3.5 mm lásán. Yóò so okùn méjì tí kò gbọ́dọ̀ kan ara wọn pọ̀, ó sì lè ba ẹ̀rọ náà jẹ́.

Ó wá ku hẹ́dífóònù. Àwọn kan wà bíi Sennheiser HD 25, tó ti wà láti 1988, tí wáyà wọn ń yọ; àwọn mìíràn bíi Koss Porta Pro ti 1984, wáyà wọn wọ inú lọ tààrà. Ti ẹnu tó ń wọ fóònù lẹ ní ó ń ṣe ségesège, ẹ kò sì nílò láti tú hẹ́dífóònù rárá. Ẹ gé wáyà náà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sókè ibi tó ti ya, kí ẹ fi ẹnu tuntun sí i.

Kí irin sódà, ìyẹn irin gbígbóná tí a fi ń yọ́ léèdì láti lẹ wáyà mọ́ ẹnu rẹ̀, tó gbóná, ẹ ti ìdérí ẹnu tuntun náà bọ wáyà, pẹ̀lú rọ́bà tó máa ń fún pọ̀ tí ooru bá kàn án. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, ó máa tú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ni. Tí ẹ bá bó wáyà, ẹ ó rí okùn irun tín-ín-rín aláwọ̀ pupa, aláwọ̀ ewé tàbí búlúù, àti aláwọ̀ bàbà, pẹ̀lú fọ́nrán náílọ́ọ̀nù láàárín wọn. Àwọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ọ̀dà ni, òun ni kì í jẹ́ kí okùn kan gún èkejì ní iná, léèdì kò sì lè lẹ̀ mọ́ ọn. Léèdì 63/37 (tánganran 63, òjé 37 nínú ọgọ́rùn-ún) ń yọ́ ní 183°C, ṣùgbọ́n ooru yẹn kò tó jó ọ̀dà náà. Ẹ gbé irin sódà sí nǹkan bí 380°C, ẹ fi léèdì díẹ̀ sí ṣóńṣó rẹ̀, kí ẹ ri orí okùn náà bọ inú ẹ̀kán léèdì yẹn títí ọ̀dà á fi jó tí okùn á fi funfun. Ẹ má fa èéfín rẹ̀ símú. Iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe tí kò pé oṣù kan tó fi tú, ibí yìí ni wọ́n ti sáré.

Pupa sábà máa ń jẹ́ ọ̀tún, ewé tàbí búlúù òsì, aláwọ̀ bàbà okùn ìpadàbọ̀. Mo ní "sábà": ẹ fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná wò ó. Láàárín okùn ìpadàbọ̀ àti ọ̀kọ̀ọ̀kan tó kù, nǹkan bí 16 sí 32 Ω (óòmù, ìwọ̀n bí okùn ṣe ń dí iná lọ́nà) lẹ máa rí lára ọ̀pọ̀ hẹ́dífóònù kékeré, ẹ ó sì gbọ́ "ta" díẹ̀ lápá tí okùn náà jẹ́ tirẹ̀. Lára ẹnu onípele mẹ́ta, ṣóńṣó orí jẹ́ òsì, òrùka àárín jẹ́ ọ̀tún, ìdí jẹ́ ìpadàbọ̀. Tí wáyà yín bá ní ibi ìsọ̀rọ̀, onípele mẹ́rin lẹ máa lò. Lára ọ̀pọ̀ fóònù òde òní, òrùka kejì ni ìpadàbọ̀, ìdí sì jẹ́ ti ibi ìsọ̀rọ̀.

Tí ìgbà kan bá wá dé tí ẹ fẹ́ pààrọ̀ gbogbo wáyà láti inú hẹ́dífóònù, ẹ ya fọ́tò inú rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ sì wo kókó tí wọ́n ta sí wáyà nínú ihò tó gbà wọlé. Kókó yẹn ló ń gba fífà kó má baà dé ibi tí wọ́n fi léèdì jó o mọ́. Ẹ ta irú rẹ̀ sí tuntun. Ibi tí okùn ti kan agbọ́hùnjáde inú rẹ̀ kò lágbára, ìṣẹ́jú-àáyá méjì tó fún irin sódà níbẹ̀. Tó bá kọ̀, ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó padà sí i.

Ẹ má tíì lẹ ohunkóhun pa. Ẹ fi ohùn ẹnìkan tó ń sọ̀rọ̀ sí i, ẹ mi wáyà lápá fóònù, ẹ mi í lápá etí. Tí ohùn náà bá dúró gbọn-in láàárín orí, tí kò ta kìjí, ẹ fún rọ́bà yẹn ní ooru, kí ẹ dé ìdérí rẹ̀.