Ẹ má tíì ta desktop yẹn o, ẹ kọ́kọ́ yẹ hard disk ẹ̀ wò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfaradà. Mo ka ohun tí ẹ kọ, pé Dell OptiPlex 7010 tí ẹ fi ń tẹ ìbéèrè ìdánwò fáwọn ọmọ ilé-ìwé yín ní Iléṣà, tí ẹ bá tan án láàárọ̀ ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mu ẹ̀kọ tán kó tó ṣe tán, Word nìkan á tún gbà yín ní ìṣẹ́jú méjì kó tó ṣí, ẹnì kan wá ní kí ẹ tà á dànù kí ẹ lọ ra laptop tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tà á. Irú ẹ̀ gan-an ni mo fi ń jẹun ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ní Mayfair ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ọdún kẹta rèé tí mo ti tún un ṣe, òun náà ni mo sì fi ń tẹ ohun tí ẹ ń kà yìí. Ohun tí mi ò rẹ́ni sọ fún mi nígbà yẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín: kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ nǹkan tí kọ̀ǹpútà yẹn ń dúró dè. Èmi ò mọ̀, ibi tí kò yẹ ni mo kọ́kọ́ ná owó mi sí.

RAM, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń di iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ mú, 4GB ló wà nínú tèmi nígbà yẹn. Gbogbo ẹni tí mo bi ní Lagere ló ń sọ pé RAM ni, RAM ni. Mo wá rí ẹnì kan tó ń ta 8GB méjì ní owó pọ́ọ́kú, mo sáré rà á torí mo rò pé Ọlọ́run ló rán an sí mi. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo tì í bọ inú ihò ẹ̀, ó dún kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bó ṣe yẹ, mo bá tan iná. Bọ́tìnnì iwájú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú ní àwọ̀ ọsàn, fáàn ń pariwo, skrín dúdú kirikiri. Mo yọ ọ́, mo nù ún, mo tún tì í padà, ibi tá a wà náà la wà. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ń bá a fà á kí n tó mọ̀ pé RAM sáfà ni wọ́n tà fún mi, ìyẹn èyí tí wọ́n ń lò nínú àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá ilé-iṣẹ́, ó bá ihò ẹ̀ mu lóòótọ́ ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù desktop, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà inú ẹ̀ so mọ́, ò lè lò ó. Bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ gbàgàdà: PC3-10600R. Lẹ́tà tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ máa wò. R, ti sáfà ni. S, ti laptop ni, ìyẹn tiẹ̀ kúrú, kò ní wọlé. U lẹ́ ń wá. Tiyín, PC3-12800U ni kí ẹ béèrè, DDR3 ni, kí ẹnikẹ́ni má ta DDR4 fún yín pé ó yá jù torí ibi tí wọ́n dá sí lára ẹ̀ yàtọ̀, kò ní jókòó láéláé. Ẹni tó tà á fún mi ò gbà á padà, ó ní ọjà tóun tà ò ní àbùkù.

Mo tún wá owó, mo ra èyí tó tọ́, mo gbé e dé 8GB. Ẹ̀gbọ́n, kọ̀ǹpútà yìí ò yá. Ó kàn sàn díẹ̀ tí mo bá ṣí Chrome àti Word pọ̀ ni, àmọ́ títan ẹ̀ láàárọ̀, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣe wà. Ó dùn mí gan-an torí owó iná ṣọ́ọ̀bù ni mo fi rà á.

Ọmọ kan tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà lọ́gbà, tó máa ń wá ṣe fọ́tòkọ́pì lọ́dọ̀ mi, ló ní kí n tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀. Ojú Task Manager jáde. Ó ní kí n wo ibi tí wọ́n kọ CPU sí, ìyẹn processor tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀: 7%. Memory, ìyẹn RAM: kò tíì dé ìlàjì. Disk, ìyẹn hard disk tí fáìlì ń gbé: 100%, ó pọ́n wẹ́, kò sì kúrò níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ó ní, "Bọ̀ọ́dá, hard disk yín ni gbogbo wọn ń dúró dè." Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe láàárọ̀ ọ̀la kẹ́ ẹ tó bá ẹnikẹ́ni dúnàá-dúrà. Tó bá jẹ́ Disk ló wà ní 100% tí àwọn tó kù jókòó jẹ́ẹ́, ọ̀rọ̀ ti yanjú.

Ìdí ẹ̀ rèé. Ẹ rántí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù táwọn bàbá wa fi ń gbọ́ àpàlà? Bẹ́ẹ̀ ni inú hard disk rí, àwo ń yí, ọ̀pá tín-ín-rín kan wá ń sáré kiri lórí ẹ̀ láti wá ohun tí ẹ ní kó mú wá. Àwo yẹn ń yí nígbà 7200 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ lè rò pé ó yá, àmọ́ tí Windows bá ń tan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké ló ń béèrè, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ibi tí kálukú wọn wà, ọ̀pá yẹn á máa lọ á máa bọ̀, kò sì lè débi púpọ̀ ju ọgọ́rùn-ún ibi àti díẹ̀ lọ láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. SSD, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń rọ́pò hard disk báyìí, ò ní àwo, kò ní ọ̀pá, nǹkan kan ò yí nínú ẹ̀, ibi tó bá fẹ́ ló ń mú. Processor i5-3470 tó wà nínú tèmi, ọdún 2012 ló jáde, ó ní kọ́ọ̀ mẹ́rin, kò sóhun tó ṣe é, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ò tó nǹkan lójú ẹ̀. Ebi ló ń pa á.

Síbẹ̀ mo tún fà á. Mo ní kí n ṣe àsìkò purojẹ́ẹ̀tì tán ná kí n tó ra SSD, torí ìgbà yẹn lowó ń wọlé fún wa ní Ifẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan NEPA mú iná lọ, wọ́n dá a padà, wọ́n tún mú un lọ. Nígbà tí mo tan án padà, ó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, á dákẹ́, á tún dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, bí ẹni tó ń fi èékánná kan igi. Ó parí nìyẹn. Orí kẹrin purojẹ́ẹ̀tì ọmọbìnrin kan wà nínú ẹ̀, gbogbo tébù ẹ̀ ni mo ti tò tán, ọ̀la ẹ̀ ló fẹ́ gbé e fún súpáfáísọ̀. Inú flash ò sí, inú imeèlì ò sí. Ọmọ náà ò bú mi, ó kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì ó ń sunkún, ìyẹn gan-an ló bà mí nínú jẹ́ jù. Mo yá laptop, orí jẹnẹrétọ̀ ni mo wà di ìdájí, tí mò ń tún un tẹ̀ látinú ìwé tó fọwọ́ kọ.

Torí náà ẹ̀gbọ́n, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan sukurúù kankan, ẹ da gbogbo ìbéèrè ìdánwò yín àti rẹ́súlúùtù àwọn ọmọ sí flash, kí ẹ tún fi ránṣẹ́ sí imeèlì ara yín. Lónìí. Lẹ́yìn náà ẹ gbé CrystalDiskInfo sí i, ọ̀fẹ́ ni, á sọ bí ara hard disk náà ṣe rí fún yín. Tó bá kọ Caution ní àwọ̀ yẹ́lò, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́ rárá.

SSD tí ẹ máa rà, SATA ni kí ẹ sọ, 2.5 inch, 240GB ti tó olùkọ́. Mi ò ní dárúkọ iye torí ojoojúmọ́ lowó ọjà ń yí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ra tèmi, kò tó ìdá márùn-ún owó laptop tòkunbọ̀ tí mo kọ́kọ́ ń wò. Kí wọ́n má fún yín ní èyí tó dà bí ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní M.2, kò síhò fún un lára bọ́ọ̀dù yín. Kí ẹ sì sá fún èyí tí wọ́n bá kọ 2TB sí lára tówó ẹ̀ kéré bí ọ̀fẹ́, irú wọn ń parọ́ iye tí wọ́n lè gbà, fáìlì yín á kàn máa pòórá.

Fífi sí i ò le. Ẹ fa wáyà iná kúrò lára ògiri, ẹ tẹ bọ́tìnnì tíná ẹ̀ fi máa gbẹ, ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kan bọ́ọ̀dù. Wáyà tó wà lára hard disk, ẹ gbé e fún SSD. Wáyà tó wà lára ibi tá a ń ki CD sí, ta ló tún ń lo CD, ẹ gbé ìyẹn fún hard disk àtijọ́ tó bá ṣì ń mí, kó máa tọ́jú fáìlì. Mi ò ra férémù kankan, téèpù olójú méjì ni mo fi lẹ SSD mọ́ ara irin, nǹkan kan ò ṣáà yí nínú ẹ̀. Bí ẹ ṣe ṣí i yẹn, ẹ gbé e síta kẹ́ ẹ fẹ́ eruku inú ẹ̀, eruku ọyẹ́ ti tèmi ti di bí òwú. Ẹ fi ìka di fáàn mú kó má yí tí ẹ bá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Páàsì orí processor, ìyẹn ohun tó ń bá a gbé ooru kúrò, náà ti gbẹ bí ẹfun, mo nù ún kúrò, mo fi tuntun bí hóró ẹ̀wà kan sí i, ariwo fáàn sì rọlẹ̀. Tí aago kọ̀ǹpútà yín bá máa ń padà sí ọdún àtijọ́ táwọn wẹ́ẹ̀bù wá ń kọ̀ láti ṣí, bátìrì róbótó CR2032 lẹ máa pààrọ̀, ẹ̀rọ ò bàjẹ́.

Ẹ má da Windows àtijọ́ kọ lọ sórí SSD. Mo gbìyànjú ẹ̀ fún ẹlòmíì, láti 500GB sí 240GB, wàhálà ńlá ni, gbogbo ìdọ̀tí ọdún méje ló sì tẹ̀ lé e wọlé. Ẹ gbé tuntun sí i, 64-bit, torí 32-bit ò ní lo ju 4GB lọ nínú RAM yín. Lọ́jọ́ tí mo ṣe tèmi, mo tẹ bọ́tìnnì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà, mi ò tíì ka ọgbọ̀n tó ti ní kí n kọ password. Mo pa á mo tún tan án lẹ́ẹ̀mẹ́ta torí mi ò gbà á gbọ́.

Èyí tí wọ́n máa fi dẹ́rù bà yín ni ti Windows 10. Òótọ́ ni, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 14 oṣù October 2025, Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà ààbò kan, àti processor Intel jẹnẹréṣọ̀n kẹjọ sókè, jẹnẹréṣọ̀n kẹta la ní. Àwọn kan ń fọgbọ́n ki Windows 11 bọ̀ ọ́, èmi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀rọ tí mo fi ń jẹun. Linux Mint, ìyẹn ètò tí wọ́n ń lò dípò Windows, ni mo gbé sí tèmi, ọ̀fẹ́ ni, LibreOffice tó ń ṣe iṣẹ́ Word ti wà nínú ẹ̀, ó dá prìńtà HP mi mọ̀ láìwá dráífà. Ohun tí ẹ̀yin olùkọ́ máa fẹ́ ni pé kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú ẹ̀, àmì ohùn ò ní máa di wàhálà mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló máa ṣàjèjì sí yín.

Ẹ wá UPS kékeré pẹ̀lú, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró díẹ̀ tí iná bá lọ. Ògbólógbòó kan ni mo rà, mo pààrọ̀ bátìrì inú ẹ̀, 12V 7Ah, ó ń fún mi láyè láti tọ́jú iṣẹ́ kí n sì pa ẹ̀rọ.

Ká ní Core 2 Duo onílé DDR2 lẹ ní ni, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti ná owó kankan lé e lórí, tòkunbọ̀ i5 ni ǹ bá ní kí ẹ lọ wá. 7010 ṣì lọ́jọ́ ayé níwájú.

Tí ẹ bá ti wo Task Manager láàárọ̀, ẹ sọ iye tí Disk ń kọ fún mi. Kẹ́ ẹ tún ya fọ́tò ìwé tó lẹ̀ mọ́ ara RAM yín kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, kí n bá yín kà á kẹ́ ẹ tó sanwó fẹ́nikẹ́ni.