Ìwé Francis de Sales àti ẹni tí yóò máa tọ́ni sọ́nà: ohun tí ojú mi rí

Arábìnrin mi ọ̀wọ́n, ẹ ní ẹ ti ń ka ìwé Ẹni Mímọ́ Francis de Sales, Introduction to the Devout Life, ẹ sì ti dé orí kẹrin nínú Apá Kìíní, níbi tí ó ti sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ rin ọ̀nà ìfọkànsìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá amọ̀nà, ni ẹsẹ̀ yín bá dúró. Ìbéèrè yín ni pé ṣé ẹ lè máa ka ìwé náà lọ láìní ẹnikẹ́ni, àti pé níbo ni a ti ń rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóde òní, nígbà tí fadá kan ṣoṣo ń ṣe Mísà ní ibùdó mẹ́rin tàbí márùn-ún. Mo ka ìwé yẹn fún ọdún méjì láìní amọ̀nà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìlera mi àti ilé mi jẹ́. Lẹ́yìn èyí ni mo bọ́ sí ọwọ́ amọ̀nà kan tí kò yẹ kí ó máa mọ̀nà fún ẹnikẹ́ni, ìyẹn sì burú ju àkọ́kọ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí, kí ẹ lè mọ ibi tí òkúta wà lójú ọ̀nà.

Ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ bí ìwé náà ṣe wáyé, nítorí pé àìmọ̀ èyí ni ó ṣì mí lọ́nà. Bíṣọ́ọ̀bù Geneva ni Francis de Sales, ṣùgbọ́n kò lè gbé ní Geneva nítorí pé ọwọ́ àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ọmọlẹ́yìn Calvin ni ìlú náà wà; Annecy, ní ilẹ̀ Savoy, ni ó ń gbé tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Obìnrin ilé ọkọ kan tí ó jẹ́ ìyàwó mọ̀lẹ́bí rẹ̀, Louise de Charmoisy, fẹ́ sin Ọlọ́run tọkàntọkàn láìfi ilé àti ojúṣe rẹ̀ sílẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù sì ń kọ ìtọ́sọ́nà fún un díẹ̀díẹ̀. Obìnrin náà fi àwọn ìwé wọ̀nyí han fadá kan tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Jésúìtì, ẹni náà ni ó sì rọ bíṣọ́ọ̀bù pé kí ó tẹ̀ wọ́n jáde. Ní ọdún 1609 ni ìwé náà jáde. Francis fi orúkọ Philothea pe ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí ẹni tí ó fẹ́ràn Ọlọ́run. Ṣé ẹ rí i báyìí? Nígbà tí ó kọ àwọn ìtọ́sọ́nà yẹn ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó ń kọ wọ́n sí wà níwájú rẹ̀: ó mọ ilé rẹ̀, ó mọ ọkọ rẹ̀, ó mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nọ́ọ̀sì ni èmi. N kò jẹ́ fún aláìsàn kan ní oògùn tí dókítà kọ sí káàdì ẹlòmíràn láé, bí àìsàn wọn tilẹ̀ jọra. Síbẹ̀ ohun tí mo ṣe sí ọkàn ara mi nìyẹn.

Àṣàrò mẹ́wàá ni ó wà ní Apá Kìíní, a sì ní kí a máa ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ní òwúrọ̀ bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹ̀karùn-ún jẹ́ nípa ikú, ẹ̀kẹfà nípa ìdájọ́, ẹ̀keje nípa ọ̀run àpáàdì. Mo ń jí ní aago mẹ́rin láti ṣe wọ́n; àní ní ọ̀sẹ̀ tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, nígbà tí mo máa ń wọlé ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ tí ara mi ti rẹ pátápátá, èmi yóò kúnlẹ̀ kí n tó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Nígbà tí mo parí ẹ̀kẹwàá, ẹ̀rù ẹ̀keje kò tíì kúrò lára mi, ni mo bá tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀karùn-ún. Ìwé náà sọ pé kí a ṣe ìjẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ayé wa lẹ́yìn àwọn àṣàrò náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é láàárín Ìgbà Ààwẹ̀ kan ṣoṣo, ní ìjọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé bí mo bá ti jáde nínú ilé ìjẹ́wọ́, èmi yóò rántí ohun kan tí ó dà bíi pé n kò sọ dáadáa. Fadá kẹta fi sùúrù sọ fún mi pé ohun tí Ọlọ́run ti dárí rẹ̀ jì, kí n má ṣe tún wú u jáde mọ́. N kò gbọ́.

Ohun tí ó ń dùn mí títí di òní ni pé ìwosàn mi wà nínú ìwé náà fúnra rẹ̀, mo sì fo ó. Ní orí kẹta, ṣáájú ibi tí ẹ dúró sí, Francis béèrè bóyá ó tọ́ kí bíṣọ́ọ̀bù máa dá gbé bíi mọ́ńkì Kàtúsíánì, tàbí kí tọkọtaya má ní ohunkóhun ní ìpamọ́ bíi àwọn Kàpúṣínì tí wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ òṣì, tàbí kí oníṣẹ́ ọwọ́ máa wà ní ilé ìjọsìn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó ní irú ìfọkànsìn bẹ́ẹ̀ kò bójú mu, àti pé ìfọkànsìn tòótọ́ kì í ba iṣẹ́ tàbí ilé ẹni jẹ́, bí oyin ṣe ń fa omi adùn lára òdòdó tí òdòdó náà kò sì bàjẹ́. Ní Apá Kẹrin ó tún sọ pé lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ̀, kò sí ohun búburú tí ó lè bá ọkàn tó àníyàn, ó sì fi ọkàn bẹ́ẹ̀ wé ẹyẹ tí àwọ̀n mú, tí bí ó ṣe ń ja ìjàkadì ni àwọ̀n ń lọ́ mọ́ ọn sí i. Mo ka gbogbo èyí. Mo rò pé àwọn tí ó ti dára tán ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ọkàn tí ẹ̀rù bá ti gbà, ibi tí ó le nìkan ni ó máa ń rí nínú ìwé. Ìdí pàtàkì nìyí tí kò fi yẹ kí ó dá nìkan kà á.

Nígbà tí mo wá gbà pé mo nílò ẹnìkan, mo lọ bá olórí ẹgbẹ́ àdúrà kan tí àwọn ènìyàn ní ó ń ríran. Ó gbọ́ mi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí Olúwa wí fún mi. Ó ní kí n búra pé n kò ní sọ ọ̀rọ̀ wa fún ẹnikẹ́ni, àti ọkọ mi pàápàá, pé n kò ní wá ìmọ̀ràn lọ sí ibòmíràn, àti pé ohunkóhun tí ó bá ní kí n ṣe ni èmi yóò ṣe. Mo búra. Ó fún mi ní ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ láìmu, lẹ́yìn ìyẹn òmíràn, lẹ́yìn ìyẹn òmíràn. Ní ọjọ́ kejì ààwẹ̀ kẹta, mo ṣubú lulẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, níwájú àwọn tí èmi ni mo yẹ kí n máa tọ́jú. Ọkọ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, ó béèrè ẹni tí ó ní kí n má ṣe jẹun, mo sì dákẹ́ nítorí ìbúra tí mo ṣe. Ojú tí ó fi wò mí ní ọjọ́ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Ó pẹ́ lẹ́yìn èyí kí n tó kà nípa Ẹni Mímọ́ Jane de Chantal. Opó ni, ó ní ọmọ mẹ́rin, amọ̀nà kan sì ti fi ẹ̀jẹ́ dè é: pé yóò máa gbọ́ràn sí i lẹ́nu, pé kò ní pààrọ̀ rẹ̀, pé kò ní tú àṣírí ohun tí ó bá sọ, pé kò ní bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ nípa ọkàn rẹ̀. Mo ka àwọn ẹ̀jẹ́ yẹn, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n, nítorí pé ìbúra tèmi gan-an ni. Ní ìgbà ààwẹ̀ ọdún 1604, Francis wá wàásù ní Dijon, ní ilẹ̀ Faransé, ibẹ̀ ni Jane ti pàdé rẹ̀. Francis kò sáré gbà láti jẹ́ amọ̀nà rẹ̀. Oṣù bíi mélòó kan ni ó fi rò ó tí ó sì gbàdúrà sí i. Nígbà tí ó gbà á, ó tú u sílẹ̀ nínú àwọn ẹ̀jẹ́ náà, ó sì kọ̀wé sí i ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn pé ìfẹ́ ni kí ó máa fi ṣe ohun gbogbo, kí ó má ṣe fi ipá ṣe ohunkóhun. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn méjèèjì dá ẹgbẹ́ àwọn sístà Visitation sílẹ̀ ní Annecy. Ẹni tí a ti fi ìbẹ̀rù dè mọ́lẹ̀ ni ó di ìyá fún ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Ní ti èmi, Rẹ́fúréńdì Sístà àgbàlagbà kan ni Ọlọ́run fi ràn mí lọ́wọ́. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jókòó níwájú rẹ̀, mo dákẹ́, mo ń retí kí ó sọ ohun tí Olúwa wí, bí a ṣe mọ̀ ọ́n níbi tí a ti ń lọ ríran. Ó ní òun náà ń retí láti gbọ́ ohun tí Olúwa ń bá mi sọ. Lẹ́yìn náà ó béèrè ìgbà tí mo sùn gbẹ̀yìn àti ohun tí mo jẹ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ìpàdé mẹ́ta kọjá kí ó tó dárúkọ ìwé Francis. Ó mú mi lọ bá fadá ìjọ wa nípa ìbúra yẹn, fadá sì sọ fún mi pé kò dè mí. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo sọ ohun gbogbo fún ọkọ mi. Nígbà tí Sístà wá ṣí ìwé náà, orí kẹsàn-án Apá Kẹta ni ó kọ́kọ́ fi hàn mí, níbi tí Francis ti ní kí a máa fi ìwà pẹ̀lẹ́ bá ara wa lò nígbà tí a bá ṣubú. Lẹ́yìn ìyẹn ni orí kẹtàlá Apá Kejì, nípa àwọn àdúrà kúkúrú tí a ń fi ọkàn gbà lẹ́nu iṣẹ́. Francis sọ níbẹ̀ pé àdúrà wọ̀nyí lè dípò àwọn àdúrà mìíràn tí a kò ráyè gbà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbà á láti ibùsùn aláìsàn kan sí òmíràn, gbólóhùn kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Orí kan lóṣù kan ni a ń kà.

Nítorí náà, ẹ má ṣe ju ìwé náà nù bí ẹ kò bá tíì rí amọ̀nà. Ẹ ka orí kẹta títí yóò fi wọ̀ yín lára, kí ẹ ka Apá Kejì lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì fi àwọn àṣàrò ikú àti ọ̀run àpáàdì sílẹ̀ di ìgbà tí ẹnìkan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ̀rù kò ṣàjèjì sí Francis alára: nígbà tí ó jẹ́ ọ̀dọ́mọdé akẹ́kọ̀ọ́ ní Paris, ó dá a lójú fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé Ọlọ́run ti kọ òun sílẹ̀, ó sì ń ṣàìsàn, kí ó tó rí àlàáfíà níwájú ère Màríà Wúńdíá. Ẹni tí ó ti la irú rẹ̀ kọjá ni ó kọ ohun tí ẹ ń kà.

Ní ti wíwá amọ̀nà, ọ̀rọ̀ tí ó bà yín lẹ́rù, pé John ti Avila, fadá ará Spain kan, ní kí a yan ẹnìkan nínú ẹgbẹ̀rún, tí Francis sì sọ ọ́ di ẹnìkan nínú ẹgbàárùn-ún, ó sọ ọ́ kí a má baà sáré ni. Ohun mẹ́ta ni ó ní kí amọ̀nà ní: ìfẹ́, ìmọ̀ àti òye. Olórí ẹgbẹ́ tí mo sọ yẹn, mo gbà pé ìfẹ́ Ọlọ́run wà lọ́kàn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ìmọ̀, òye kò sì sí rárá. Ẹni Mímọ́ Teresa ti Avila, sístà ará Spain, náà sọ pé àwọn olùjẹ́wọ́ tí ìmọ̀ wọn kò kún ṣe ọkàn òun ní ìpalára púpọ̀. Kò pọn dandan kí amọ̀nà jẹ́ fadá, nítorí pé Katikísímù Ìjọ, ní ẹsẹ̀ 2690, sọ pé Ẹ̀mí Mímọ́ ń fi ẹ̀bùn ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn kan nínú àwọn olóòótọ́. Ẹ ṣáà rántí pé ìjẹ́wọ́ nìkan ni èdìdì tí fadá kò gbọdọ̀ já wà lórí rẹ̀, ìyẹn ni pé kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láé. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá bá amọ̀nà sọ tí kì í ṣe nínú ìjẹ́wọ́ jẹ́ àṣírí tí ó yẹ kí ó pa mọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èdìdì yẹn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ nípa jíjẹ́wọ́ fún fadá kan náà nígbà gbogbo, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ fún àkókò ní àárín ọ̀sẹ̀, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí èrò ti tò. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn sístà. Ní Ìbàdàn, àwọn fadá ẹgbẹ́ Dòmíníkánì wà ní Samonda. Ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, àwọn fadá ọmọ ẹgbẹ́ Don Bosco wà, ẹgbẹ́ wọn sì ń jẹ́ Sàlẹ́síánì nítorí Francis yìí gan-an. Ẹni tí ó bá gba owó, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ búra, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín níbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé yín bóyá ẹ rọrùn láti bá gbé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé wọ́n máa ń tètè rí i ṣáájú wa.

Wọ́n ti gbé Sístà mi lọ sí ìlú mìíràn. Orí fóònù ni a ti ń sọ̀rọ̀ báyìí, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, mo sì ń lọ jẹ́wọ́ fún fadá ìjọ wa, nítorí pé ìjẹ́wọ́ kò ṣeé ṣe lórí fóònù. Ọdún kẹfà rèé tí a ti ń ka ìwé náà pọ̀. Apá Kẹrin ni a wà, ní orí tí ó sọ̀rọ̀ nípa ẹyẹ inú àwọ̀n.