Ọ̀dà ń bó lára agbọ̀n kámíọ̀n mi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Páìpù galva, èyí tí wọ́n ti rì sínú síńkì, ni ajórin fi ṣe agbọ̀n orí kámíọ̀n mi àti àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A kun ún ní ọ̀dà olóróòró dúdú lẹ́ẹ̀mejì. Kò pé oṣù mẹ́rin tó fi ń bó bí awọ ejò, gbogbo ojú ibi tí wọ́n jó sì ti dípẹtà. Wọ́n ní kí n lọ fi ọ̀dà oníyẹ̀fun tí wọ́n ń yan nínú ààrò kùn ún. Ṣé kí n lọ?
Awakọ̀ kan, Àjàṣẹ́

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì náwó sí ààrò. Ọ̀dà yín kò burú, irin tí ẹ kùn ún sí ni kò gbà á. Bí òróró inú ọ̀dà bá kan síńkì, wọ́n á di nǹkan bí ọṣẹ láàárín ara wọn, ọ̀rinrin etí ọ̀sà wa níbí sì ń mú un yá. Ọ̀dà tó jókòó lórí ọṣẹ, kí ló fẹ́ dì mú?

Ti ojú ibi tí wọ́n jó yàtọ̀. Iná ajórin ti sọ síńkì ibẹ̀ di èéfín, irin lásán ló kù. (Èéfín funfun yẹn léwu: ẹni tó bá fà á símú lè ṣe ibà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìta gbangba ni kí wọ́n ti máa jó galva.)

Gbogbo ọ̀dà náà ni kí ẹ ha kúrò, títí kan èyí tó ṣì dì mọ́ irin. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, kó gbẹ, kí ẹ wá fi bébà oníyanrìn nọ́mbà 120 ra á fẹ́rẹ́, kí dídán rẹ̀ ṣáà kúrò. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, síńkì á bá a lọ. Níbi tí wọ́n jó, ẹ gbá ìdàrọ́ dànù, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á títí yóò fi tàn, kí ẹ kun ibẹ̀ nìkan ní ọ̀dà oní-síńkì lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀dà epoxy alágolo-méjì, tí wọ́n ń po agolo méjèèjì pọ̀ kó lè le, ló kàn, èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ó bá galva mu. Ìwọ̀n ara agolo ni kí ẹ fi pò ó. Àwọn kan máa ń da èyí tó ń mú un le kún un kó lè tètè gbẹ. Ẹlẹgẹ́ ló máa ń dà. Oòrùn sì máa ń sọ epoxy di ẹfun, nítorí náà ẹ fi ọ̀dà polyurethane bò ó. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìrì ṣì wà lára irin.

Ọ̀dà oníyẹ̀fun dára fún ohun tí nǹkan kì í gbá. Nínú ààrò, ní nǹkan bí 180 sí 200°C, afẹ́fẹ́ tó há sínú síńkì máa ń lé ròrò sójú ọ̀dà náà. Lára àtẹ̀gùn tí bàtà àti kẹ́ẹ̀gì ń gbá lójoojúmọ́, ibi tó bá ṣẹ́ ni omi á gbà wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ kò sì lè tìtorí ojú kan ṣoṣo gbé e padà sí ààrò. Ti búrọ́ọ̀ṣì, inú àgbàlá yín lẹ ti máa tún un ṣe.

Bí ẹ bá máa ṣe agbọ̀n tuntun lọ́jọ́ mìíràn, irin dúdú ni kí wọ́n kọ́kọ́ jó pọ̀, kí wọ́n tó wá rì í sínú síńkì tó ti yọ́ ní nǹkan bí 450°C. Kí wọ́n lu ihò sí ìpẹ̀kun gbogbo páìpù kó tó wọ inú rẹ̀: omi tó bá há sínú páìpù tí wọ́n dí pa, á mú un bẹ́ ni.