Fídíò 300, kò sí bùbá kan

Àbúrò mi tó ń gbé Lugbe ní Abuja níbí, o ní ọdún kan àti oṣù méjì lo ti ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ lórí fóònù, o ti fi fídíò tó lé ní 300 pamọ́, síbẹ̀ o ò tíì gé bùbá kan. O wá ń béèrè bóyá ọpọlọ rẹ ni kò gbé iṣẹ́. Ọpọlọ rẹ pé. Ohun tó ń ṣe ọ́ ti ṣe mí rí, lésì yáàdì márùn-ún ló sì bá a lọ.

Kubwa ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ní 2021, oníbàárà mi kan fẹ́ wọ kọ́séètì lọ sí ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìlọrin. N ò rán kọ́séètì rí, mo ní ṣebí gbogbo rẹ̀ ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìyẹn gan-an ló kó bá mi. Òru mẹ́rin ni mo fi wò ó. Olùkọ́ kan ní kí n pín ìwọ̀n àyà sí mẹ́rin, kí n fi ínṣì kan kún un fún ibi tí a ó rán. Èkejì ò fi nǹkan kan kún un, torí pé ó ti kà á mọ́ ìwọ̀n látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta ní kí n yọ ínṣì méjì kúrò kí aṣọ lè fún mọ́ ara. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọṣẹ́. Ohun tí wọ́n rán gún régé. Èmi mú iwájú lọ́wọ́ èyí, mo mú ẹ̀yìn lọ́wọ́ tọ̀hún, mo gé e.

Nígbà tó wá wọ̀ ọ́ wò, ẹ̀yìn ò pàdé. Àlàfo tó gba ìka mẹ́rin ló kù. Mo ń fa síìpù, ó ń fa ikùn mọ́ inú, a ò sọ̀rọ̀. Kò bú mi. Ó bọ́ ọ, ó ká a, ó gbé e lé orí máṣíìnì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ṣì lè rí irú lésì yìí ní Wuse?" N ò rí i. Mo san owó rẹ̀, ẹkún ni mo sun délé.

Ó pẹ́ kó tó yé mi pé kò sí bí mo ṣe lè wò ó tán. Láti nǹkan bí 2019 ni wọ́n ti ń sọ pé fídíò tó tó wákàtí 500 ń wọ orí YouTube ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Mo ṣírò rẹ̀: ti ọjọ́ kan péré, ẹni tí ò sùn, tí ò jẹun, á fi nǹkan bí ọdún 82 wò ó. Tún wo ojú ewé orí fóònù tí kì í dópin bí o ṣe ń fà á. Aza Raskin, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣètò bí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣiṣẹ́, ló gbé e kalẹ̀ ní 2006, òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ ní gbangba pé òun kábàámọ̀. Tẹ́lẹ̀, tí o bá dé ìsàlẹ̀, wàá tẹ bọ́tìnì kí òmíràn tó yọ. Ibẹ̀ la ti máa ń rántí pé a ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

Èyí tó burú jù ni pé wíwò yẹn máa ń tẹ́ mi lọ́rùn. Tí fídíò bá ti parí, ọkàn mi á balẹ̀ bí ẹni tó ti rán an. Ọwọ́ mi ò sì mọ nǹkan kan.

Bàbá Hausa kan wà nítòsí wa, ará Zaria, tó ń fọwọ́ kó iṣẹ́ sára bábáńrígà. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ló fi ń ṣe aska takwas kan, iṣẹ́ ọnà olówùú tó dà bí ọ̀bẹ mẹ́jọ níwájú àyà. Mo máa ń jókòó tì í. Ó ní ọ̀bẹ kan ṣoṣo ni bàbá òun jẹ́ kí òun máa kó títí ọwọ́ òun fi mọ̀ ọ́n láìwò ó.

Mo délé, mo pa gbogbo fídíò mi rẹ́, mo fi olùkọ́ kan sílẹ̀: èyí tí kì í fo ibi tó le. Mo ra aṣọ funfun olówó pọ́ọ́kú. Ìgbà méje ni mo gé kọ́séètì kan náà kí ẹ̀yìn tó pàdé. Títí dòní, n kì í ṣí fídíò kejì tí n ò bá tíì rán ti àkọ́kọ́ tán.

Mú ọ̀kan nínú 300 yẹn, bùbá ni kó jẹ́. Wò ó lẹ́ẹ̀kan, kí o wá bá mi ní Kubwa lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú aṣọ yáàdì méjì. Máṣíìnì kan ṣófo.